Ojú Tó Pọ́n, Ọpọlọ Tí A Ṣì Ń Kọ́ Lọ́wọ́

Ní Musin, bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun dé láti ọsibítù, ojú ọmọ ni àwọn ìyá àgbà kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Wọ́n á gbé e súnmọ́ fèrèsé, wọ́n á fi àtàǹpàkò fa awọ abẹ́ ojú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Bí funfun ojú bá ti ní àwọ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Ojú ọmọ yìí pọ́n o." Ẹnìkan á ní kí wọ́n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Ẹlòmíràn á ní omi ìbẹ́pẹ ni kí wọ́n fún un mu. Ẹlòmíràn á ní gúlúkóòsì ni. Ẹni tó rí ayé jù nínú wọn á ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, pé bí gbogbo ọmọ ṣe ń ṣe nìyẹn, yóò lọ fúnra rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni ìkẹyìn yìí sábà máa ń jàre. Ju ìdajì àwọn ọmọ tuntun lọ ni ojú wọn ń pọ́n díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì ń lọ láìfi àpá kankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tí tiwọn kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó pọ́n lójú wọn á wọ inú ọpọlọ, ohun tó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọmọ náà á gbé e dàgbà ni.

Ìtàn bí ayé ṣe mọ èyí la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ o. Ìbàdàn wà ńbẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà ńbẹ̀. Èkó tiwa yìí náà wà ńbẹ̀.

Kí ló ń pọ́n?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èdè. Ní èdè Yorùbá, pupa ni epo, pupa ni ẹ̀jẹ̀, àárín ẹyin adìẹ náà, pupa ẹyin là ń pè é. Àwọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì pín sí méjì, ọ̀rọ̀ kan ni àwa fi kó o. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ojú ẹnìkan "pọ́n", yálà ẹkún ló sun ni o, tàbí funfun ojú rẹ̀ ló dà bí pupa ẹyin. Àwọn baba wa sì mọ àìsàn náà dáadáa. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni wọ́n pè é, ibà tó ń mú ojú pọ́n, tó ń mú ìtọ̀ pọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé nǹkan kan náà ló kun méjèèjì.

Nǹkan náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní bilirubin. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá. Sẹ́ẹ̀lì pupa kì í pẹ́ láyé: ti àgbàlagbà ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120, ti ọmọ tuntun kì í tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ti kú, ara á tú u palẹ̀, á kó irin inú rẹ̀ pamọ́, apá kan nínú ohun tó ṣẹ́kù á sì di bilirubin. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó gbà á, kó ṣe é kó lè yòrò nínú omi, kó wá dà á sínú òrónró, kó bá ìgbẹ́ jáde.

Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, kò mọ wàhálà yìí rárá. Ibi ọmọ ló ń gbé bilirubin rẹ̀ kọjá sára ìyá, ẹ̀dọ̀ ìyá á sì bá a ṣe iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí a bá gé ìwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ dé ọrùn ẹ̀dọ̀ tirẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà kò sì tíì mọṣẹ́. Ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó lò kò tíì pọ̀ tó, ó di ọjọ́ mélòó kan kó tó pọ̀ sí i. Láàárín ìgbà yẹn, ohun tó ń wọlé ń ju ohun tó ń jáde lọ, bí àdúgbò tí ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí kò dé lọ́sẹ̀ kan gbáko.

Ilé tí a kó wọ̀ kó tó parí

Bí bilirubin bá pọ̀ lára àgbàlagbà, ojú rẹ̀ á pọ́n, ara á máa yún un, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́ nítorí ẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ti ọmọ tuntun ló ń bàjẹ́? Ìdí pàtàkì kan ni pé ọpọlọ ọmọ tuntun kò tíì parí.

Àwa ará Èkó mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Onílé ti kó wọlé nítorí owó ilé tó ń san níbòmíràn, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rẹ́ ògiri, rewáyà ṣì ń fa wáyà lókè, omi ò tíì dé ilé ìdáná. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ohun tó máa bà jẹ́ kì í ṣe kékeré. Òjò kan náà lè rọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí onílé sùn kó hanrun.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ ilé náà. Nígbà tí oyún kò tíì pé oṣù kan, awọ pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn ọmọ tó máa ká ara rẹ̀ jọ, tó máa di páìpù. Kó tó di ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró, páìpù náà á ti dé lókè, á ti dé nísàlẹ̀. Òkè rẹ̀ ló ń di ọpọlọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń di okùn tó gba inú egungun ẹ̀yìn kọjá. Lára ògiri páìpù yìí ni wọ́n ti ń bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó síbi tí a bí wọn sí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó na ara wọn gbọọrọ láti inú dé ìta, àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun á máa rọ̀ mọ́ wọn lọ sókè bí ẹni tó ń gun igi àgbọn. Ní orí ọpọlọ, àwọn tí a bí kẹ́yìn á kọjá lára àwọn tó ti dé ṣáájú, wọ́n á lọ jókòó sókè wọn.

Lẹ́yìn náà ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á na okùn jáde láti wá ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀. Santiago Ramón y Cajal, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ló rí orí okùn yìí ní 1890 nínú ọmọ adìẹ tí kò tíì jáde nínú ẹyin. Ó rí i pé orí okùn náà là bí ìka ọwọ́, bíi ti ẹni tó ń táwọ́ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ẹni tó wá ṣàlàyé apá kan nínú ohun tí okùn yìí ń wá kiri ni Rita Levi-Montalcini, obìnrin Júù ará Ítálì. Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ọdún 1938 lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó bá sọ yàrá ìbùsùn rẹ̀ ní Turin di ibi ìwádìí. Ibẹ̀ ló ti ń yẹ inú ẹyin adìẹ wò nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, ó ṣàwárí ohun kan tó ń mú okùn sẹ́ẹ̀lì dàgbà. NGF ni wọ́n pè é, òun àti Stanley Cohen sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ẹ̀kọ́ tó jáde níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó na okùn rẹ̀ jáde, tí kò rí irú oúnjẹ yìí gbà lọ́dọ̀ ẹni tó nà án sí, kíkú ló ń kú. Nígbà tí ọpọlọ ń kọ́ ara rẹ̀, ó ń bí ju iye tó nílò lọ, àwọn tó bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ló ń kù.

Lọ́jọ́ tí a bí ọmọ, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó máa lò títí ayé ti wà nílẹ̀. Síbẹ̀, ọpọlọ náà kò wúwo tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti àgbàlagbà. Iṣẹ́ wáyà ló kù. Àwọn okùn ṣì ń wá ara wọn kàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn sì ń fi ọ̀rá yí okùn wọ̀nyẹn ká, bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà, kí ọ̀rọ̀ lè máa yára kọjá. Ọ̀sẹ̀ tí ojú ọmọ ń pọ́n bọ́ sí àárín iṣẹ́ yìí gan-an.

Kóró

Ní 1875, dókítà ará Jámánì kan, Johannes Orth, kọ̀wé nípa òkú ọmọ tuntun kan tí ara rẹ̀ ti pọ́n gidigidi. Nígbà tó yẹ inú orí rẹ̀ wò, ọpọlọ náà pọ́n. Ní 1904, ará Jámánì mìíràn, Schmorl, rí i pé kì í ṣe gbogbo ọpọlọ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ibì kan pàtó nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń gba àwọ̀ náà jù. Ó pè é ní kernicterus. "Kern" ní èdè Jámánì ni kóró, bíi kóró tó wà láàárín èso.

Àwọn tó tẹ̀lé wọn wá mọ bí àwọ̀ náà ṣe ń dé ibẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀, púrótéènì kan tó ń jẹ́ albumin ló ń gbé bilirubin, bí dáńfó ṣe ń gbé èrò. Bí èrò bá ju àyè lọ, àwọn tó kù á máa fẹsẹ̀ rìn. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn yìí ló ń kọjá ògiri tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Bí oṣù ọmọ kò bá pé, tàbí tí àìsàn mìíràn bá tún ń bá a jà, ó tún rọrùn fún wọn láti kọjá.

Bí wọ́n bá ti wọlé, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pèsè agbára ni wọ́n ń dojú kọ, ìyẹn mitochondria. Ẹ lè pè é ní jẹnẹrétọ̀ inú sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n tún ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fi ọ̀rá bo okùn lára. Àwọn kóró tó ń darí ìrìn ara wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ jìyà, àti àwọn tó ń gbé ohùn láti etí lọ sí ọpọlọ. Ìdí nìyí tí ọmọ tó bá yè é fi lè dàgbà pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń lọ́ fúnra wọn, tàbí kó má gbọ́rọ̀. Nígbà mìíràn, etí fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan kan, ọ̀nà tó gba ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ ló bàjẹ́. Ohun tó dùn wá jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni orí wọn pé. Wọ́n mọ ohun tí à ń sọ nípa wọn, ara ni kò gbà fún wọn láti dáhùn.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń gbani lọ́wọ́ ibà

Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní ilẹ̀ Yorùbá ju bó ṣe kan àwọn mìíràn lọ? Ìdáhùn náà gba ọgbà ẹ̀wọ̀n kan kọjá.

Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Stateville ní Illinois, Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ń fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n dán òògùn ibà kan wò, primaquine. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn kan wà tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń fọ́ bí wọ́n bá ti lò ó, aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1956, Paul Carson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìdí rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ G6PD ni kò tó lára wọn. Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù yìí ni láti máa dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, kó má baà dà bí irin tó dógùn-ún. Ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà la ti kó wọn lọ lẹ́rú. Ẹ̀jẹ̀ náà bá wọn lọ ni.

Kò pẹ́ tí ìwádìí fi délé. Ní Ìbàdàn, níbi tí ọsibítù UCH ti ṣí ní 1957, Herbert Gilles àti B. G. Taylor kọ̀wé ní 1961 pé àìtó G6PD wà ní Nàìjíríà. Ní 1963, Gilles àti àwọn mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà àti ti ojú ọmọ tuntun tó ń pọ́n ní Nàìjíríà yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, The Lancet. Ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ wa, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 ló ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, kódà bí nǹkan kan kò bá ṣe ìyá náà rí.

Kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ní 1969, Lucio Luzzatto, ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú E. A. Usanga àti S. Reddy, fi ìdáhùn sínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ní irú sẹ́ẹ̀lì méjèèjì nínú ara kan náà, èyí tí G6PD rẹ̀ pé àti èyí tí tirẹ̀ kò tó, nígbà tí ibà ń ṣe wọ́n lọ́wọ́. Kòkòrò ibà wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó pé ní ìlọ́po 2 títí dé ìlọ́po 80 ju bó ṣe wà nínú èyí tí kò pé. Ohun tí à ń pè ní àbùkù, odi ìlú ni. Ẹ̀fọn ti ń jẹ wá láti ayébáyé, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ yìí sì ń yè é ju ẹlòmíràn lọ. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ka àròkọ yìí má sí láyé bí kò bá sí i.

Ṣùgbọ́n odi náà ní ẹnu ọ̀nà kan tó ṣí sílẹ̀, òórùn kan sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Gbogbo wa la mọ òórùn náà, òórùn àpótí aṣọ ìyá wa. Kánfọ̀.

Ìyá tó bá bímọ, tí ọmọ rẹ̀ ti ju aṣọ àkọ́kọ́ lọ, kì í jù wọ́n nù. Yóò fọ̀ wọ́n, yóò ká wọn, yóò ju kánfọ̀ méjì mẹ́ta sáàárín wọn kí aáyán má baà débẹ̀, yóò pa wọ́n mọ́ de àbúrò. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n naphthalene ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú kánfọ̀ funfun róbótó wọ̀nyẹn. Èéfín rẹ̀ ń gba imú ọmọ wọlé, ó tún ń gba awọ ara, ohun tó sì ń ṣe fún sẹ́ẹ̀lì pupa tí G6PD rẹ̀ kò tó kò yàtọ̀ sí ohun tí primaquine ṣe fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n Stateville. Ní Baltimore, Zinkham àti Childs ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958. Ní tiwa, J. A. Owa ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 1989 lórí bí irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀, àìtó G6PD àti ojú pípọ́n ọmọ tuntun ṣe so mọ́ra wọn ní Nàìjíríà. Àwọn ìpara tó ní menthol nínú, tí a fi ń ra ọmọ lára nítorí òtútù, náà wà lára ohun tí àwọn dókítà ń kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó ni ojú rẹ̀ ń pọ́n jù. Àwọn mìíràn wà tí wọn ò fojú kan kánfọ̀ rí, tí tiwọn sì le. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ wìtìwìtì lára ọmọ tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì mọṣẹ́, dáńfó á kún láìpẹ́.

Sister Ward àti ìyá àgbà

Ohun tí àwọn dókítà kọ́kọ́ ní fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á máa fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní bí ọ̀rọ̀ bá ti le, àmọ́ iṣẹ́ tó léwu ni.

Ní 1956 kan náà tí wọ́n rí ọ̀rọ̀ G6PD, ní ọsibítù Rochford ní Essex, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì àgbà kan wà tó ń jẹ́ Sister Ward. Ó fẹ́ràn láti máa gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé jáde sí oòrùn nínú ọgbà. Lọ́jọ́ kan, ó ṣí aṣọ lára ọmọ kan fún àwọn dókítà. Ara ọmọ náà ti ń funfun, àfi ibì kan tí etí aṣọ ti bò. Ibẹ̀ ṣì pọ́n rokoṣo. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbẹ̀ fi rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn lójú fèrèsé, bilirubin rẹ̀ ti dín kù. Richard Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iná tí wọ́n lè tàn sára ọmọ, wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958.

Lónìí a mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe. Apá rẹ̀ tó jẹ́ búlúù ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bó bá kan bilirubin nínú awọ ara, á yí ìrísí rẹ̀ padà, á sì lè bá òrónró àti ìtọ̀ jáde láìdúró de ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń bá ẹ̀dọ̀ ra àkókò.

Ṣé ẹ rí i báyìí pé ìyá àgbà tó ní kí wọ́n gbé ọmọ sí oòrùn kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀? Ohun tí Sister Ward rí lòun náà rí. Ibi tí ọ̀nà wọn ti yà ni pé ní Rochford, wọ́n wọn bilirubin inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀, wọ́n mọ ìgbà tó tó àti ìgbà tí kò tó. Oòrùn ẹ̀yìnkùlé kò ní òṣùwọ̀n. Ó lè jó ọmọ lára, ara ọmọ tí a bọ́ sí ìhòòhò sì lè tutù jù tàbí kó gbóná jù. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó ń fọkàn ìyá balẹ̀ nígbà tó yẹ kó ti wà lójú ọ̀nà.

Bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?

Iná búlúù kò wúlò bí kò bá sí iná. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí a máa ṣàlàyé èyí fún. Ọmọ wà lábẹ́ iná, NEPA mú un lọ, jẹnẹrétọ̀ kò ní epo, bilirubin kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Bọ́lájoko Olúsànyà, dókítà ọmọdé ní Èkó, mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń parí sí. Ó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí yíyẹ etí àwọn ọmọ tuntun wò ní Èkó, títí kan àwọn tí ìyá wọn gbé wá gba abẹ́rẹ́ BCG. Òun pẹ̀lú Tina Slusher, Hendrik Vreman àti àwọn mìíràn láti Amẹ́ríkà bi ara wọn ní ìbéèrè kan: ṣé a ò lè fi oòrùn ṣe é, ṣùgbọ́n kí á ṣe é bó ṣe yẹ? Wọ́n ta àtíbàbà tí wọ́n fi oríṣi ọ̀rá kan bò. Ọ̀rá náà ń dá apá oòrùn tó ń jó ara dúró, ó ń dín ooru kù, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá. Ní ọsibítù ìgbẹ̀bí Island Maternity ní Èkó, wọ́n fi ọmọ 447 wo oòrùn àtíbàbà yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ọsibítù. Ìwé ìròyìn New England Journal of Medicine gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Oòrùn àtíbàbà ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú 100 ọjọ́ ìtọ́jú tí wọ́n lè gbé yẹ̀ wò, iná ṣiṣẹ́ ní ìdá 90. Ní 2018, ìwádìí mìíràn jáde láti Ògbómọ̀ṣọ́ lórí àwọn ọmọ tí tiwọn le ju ti àkọ́kọ́ lọ, oòrùn tí a sẹ́ náà sì tún ṣe dáadáa níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì wà ńbẹ̀ tó ń wọn ooru ara ọmọ, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kì í ṣe oòrùn ẹ̀yìnkùlé.

Láti Ojúwòyè dé Ìdí-Àràbà

Ní Musin, ìmọ̀ méjèèjì wà nítòsí ara wọn. Ọjà Ojúwòyè wà lápá kan, níbi tí ẹ ti lè rí ìbẹ́pẹ rà láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìdí-Àràbà wà lápá kejì, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, níbi tí ọsibítù LUTH wà. Kò jìnnà. Ṣùgbọ́n àárín méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ọpọlọ ọmọ ti ń bàjẹ́, torí ọjọ́ méjì oòrùn, ọjọ́ kan omi ìbẹ́pẹ, ọjọ́ kan "ẹ jẹ́ ká wò ó títí di ìsọmọlórúkọ".

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bí ọmọ kò bá rìn, tí kò dáhùn nígbà tí a pe orúkọ rẹ̀, a ti gbàgbé ojú tó pọ́n. Ayé ni à ń bá wí. Ìyàwó kejì ni à ń wò lójú. Tàbí kí á ní ìyá ọmọ ló rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó wà nínú oyún. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ tó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ibà ni, àti ẹ̀dọ̀ tí kò tíì mọṣẹ́, àti ọ̀sẹ̀ kan péré nínú ìtàn ọpọlọ tí a ṣì ń fa wáyà rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí lórí fóònù, bóyá ẹ ò tíì bímọ. Ẹ máa bí, tàbí ẹ̀gbọ́n yín á bí, ẹ ó sì wà nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ tí ìyá àgbà bá gbé ọmọ súnmọ́ fèrèsé. Ẹ má bá ìyá jà o. Ojú rẹ̀ ríran dáadáa, òun ló kọ́kọ́ rí i. Ẹ kàn sọ fún wọn pé, "Ẹ ṣé, Mààmá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀." Bí ojú ọmọ bá pọ́n kó tó pé wákàtí 24 láyé, bí àwọ̀ náà bá ti dé ẹsẹ̀, bí kò bá mu ọmú mọ́, bó bá ń sùn ṣáá, bí ẹkún rẹ̀ bá yí padà, tàbí tó ń ká ọrùn sẹ́yìn, ìgbà yẹn kì í ṣe ìgbà tí a ń dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ní ti aṣọ inú àpótí, ẹ kó kánfọ̀ kúrò ńbẹ̀. Ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a sóòrùn. Aṣọ ni kí ẹ sá sóòrùn. Ọmọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.